Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Lórí Iṣẹ́ Tí Wọ́n Lé Ọ Kúrò

Rowlett, Texas.
Àárọ̀ Sátidé.

Mojísólá mi, Àṣàkẹ́, ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé jáde ní ọsibítù nígbà tí ìyá rẹ kò tíì lè dìde,

Mo kí ọ, ìyá rẹ náà kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ń fún yín ní oúnjẹ gidi ní ibùdó ológun yín, tàbí búrẹ́dì àti ẹyin nìkan lẹ̀ ń jẹ. Mo sọ fún un pé lẹ́tà tí mo fẹ́ kọ lónìí kì í ṣe lẹ́tà oúnjẹ, ṣùgbọ́n o mọ ìyá rẹ. Mo ti bi ọ́ báyìí, ọrùn mi ti mọ́.

Nígbà tí o pè lánàá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sínú mọ́tò ni, níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí ní ọsibítù wa. O ní, “Daddy, it came through. They cleared me.” O ní wọ́n ti fún ọ ní clearance náà, ìwé tí àwọn ológun fi ń sọ pé àwọn lè fi àṣírí ìjọba sí ìkáwọ́ ènìyàn. O ní ní ọjọ́ Ajé ni wàá bọ́ sídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n torí rẹ̀ gbà ọ́, pé o ti bọ́ lọ́wọ́ táyà kíkà ní sítóò. N kò lè dá ọ lóhùn. O rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló gé ọ̀rọ̀ wa. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì, ọmọ mi, ẹkún ni. Mo gbé orí lé sítíárìn, mo sunkún bí ọmọ kékeré, títí ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi wá kan gíláàsì mi, ó ní, “Sir, are you okay?” Mo ní mo okay. Mo ní kò sí ìgbà kan tí mo okay tó báyìí rí.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún ìyá rẹ, ó fi ṣíbí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jó yí tábìlì ká, ọbẹ̀ ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì tí òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bàtà tẹ̀. Èmi ni mo nù ún.

Kí ló wá dé tí mò ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà? Nítorí pé lórí fóònù, bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, wàá ní, “Okay, Daddy. Love you, Daddy,” ọ̀rọ̀ sì tán nìyẹn. Ó di dandan kí o gbọ́ èyí tán. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá nítorí pé èdè tí mo fi ṣẹ̀ ni mo fẹ́ fi jẹ́wọ́. Mo fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ fún ọ, bí mo ti ń ṣe nígbà tí mò ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà lórí tábìlì yìí ní àárọ̀ Sátidé, tí o máa ń bú sẹ́kún pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń wo kàtúùnù. Kà á sókè. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, pe ìyá rẹ, má bi kọ̀ǹpútà.

Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ gbà ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ló máa ṣáájú. Ìdajì ọ̀rọ̀ iṣẹ́ Oak Cliff yẹn lo mọ̀. Ìdajì yòókù wà lọ́wọ́ mi láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

O rántí ilé ìwòsàn kékeré ní Oak Cliff, tí o ti ń gba orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ kan wà níbi iṣẹ́ náà tí ọmọ rẹ̀ máa ń ṣàìsàn, bọ́ọ̀sì àti réluwéè ló sì ń wọ̀ wá. Bí ó bá ti mọ̀ pé òun máa pẹ́, á pè ọ́, ìwọ á sì fi nọ́ńbà rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ tó ń gba àkókò àwọn òṣìṣẹ́, bí ẹni pé ó ti dé. Kámẹ́rà rí ọ. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n fún ẹ̀yin méjèèjì ní ìwé gbélé-ẹ. O wá sílé, o jókòó sórí àga tí mo jókòó lé báyìí, o sọ gbogbo rẹ̀ fún èmi àti ìyá rẹ láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ọmọ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí bàbá rẹ̀ fà á mọ́ra. Ìyá rẹ fà ọ́ mọ́ra. Èmi dìde, mo lọ gé koríko ẹ̀yìnkùlé.

N ò ní purọ́ fún ọ mọ́, nítorí náà gbọ́ ohun tí mò ń rò bí mo ti ń ti ẹ̀rọ koríko kiri. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń rò. Bàbá Kúnlé ni mò ń rò, alàgbà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìkẹta sí tiwa, tí Kúnlé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà nígbà náà. Mò ń rò ó pé báwo ni n ó ṣe wò ó lójú. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, èmi sì ti gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ ju Bíbélì tí mò ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, o kò bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, o ní orí ń fọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n pe àwọn tó ní ẹ̀rí láti jẹ́, ẹsẹ̀ mi gbé mi dìde. N ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ títí mo fi gba máíkì. Mo ní kí wọ́n bá mi yin Olúwa lógo, pé ọmọ mi obìnrin ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé Ọlọ́run bá a sọ̀rọ̀ kó padà sí ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pariwo halelúyà. Wọ́n dá orin. Mo wo apá ibi tí ìyá rẹ jókòó sí, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó jẹ òkúta mọ́ ìrẹsì. Nínú mọ́tò, ẹ̀yìn ló lọ jókòó sí.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn, Mojísólá. Mo jẹ́ ẹ̀rí irọ́ nínú ilé Ọlọ́run, lórí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tèmi, ìwọ kò sì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí o wá lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lóòótọ́ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ. Mo ní Ọlọ́run ti bá mi bo àṣírí.

Lẹ́yìn èyí lo ní o fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun. Wọ́n fún ọ ní fọ́ọ̀mù gígùn yẹn, tó ń béèrè gbogbo ilé tí o ti gbé, gbogbo iṣẹ́ tí o ti ṣe àti gbogbo ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ ti tẹ̀. O pè mí, o ka ìbéèrè kan sí mi létí: ṣé wọ́n ti lé ọ kúrò níbi iṣẹ́ kankan rí?

Mo ní, “Ṣé dandan ni kí o dáhùn ìyẹn?”

O ní dandan ni.

Mo ní, “Kọ ọ́ pé o fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ta ló máa mọ̀?”

O tún ìbéèrè náà kà sókè. Lẹ́yìn náà lo ní, “Daddy, I can't sign that. Orúkọ mi ni wọ́n ní kí n kọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀.”

Inú bí mi. Mo ní ọmọ Amẹ́ríkà ni ọ́, o ò mọ bí ayé ṣe rí, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni n ò fi pè ọ́. O rò pé nítorí pé o fẹ́ di ológun ni. Rárá o. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Àwọn tí o kọ orúkọ wọn sí fọ́ọ̀mù pé wọ́n mọ̀ ọ́ dáadáa, Bàbá Kúnlé ni àti Àǹtí Bísí, olórí ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn méjèèjì ló wà ní ìjókòó lọ́jọ́ tí mo gba máíkì. Àǹtí Bísí ló tilẹ̀ dá orin náà.

Mo lè lọ bá wọn nígbà náà kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan. N ò lọ. Mo ní bóyá wọn ò ní béèrè.

Wọ́n béèrè. Obìnrin tí ìjọba rán láti ṣe ìwádìí rẹ dé ilé Bàbá Kúnlé, wọ́n fi ọ̀yàyà gbà á, wọ́n gbé ẹ̀pà àti ohun mímu tútù síwájú rẹ̀. Bàbá Kúnlé kọ́kọ́ sọ fún un pé ọmọ òun ni ọ́. Obìnrin náà yẹ ìwé rẹ̀ wò, ó ní orúkọ bàbá mìíràn ló wà níbẹ̀, ó sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó yanjú ìyẹn. Nígbà tó wá bi í nípa iṣẹ́ Oak Cliff, Bàbá Kúnlé gbé àyà sókè, ó ní, “She left by herself! Her father testified in church!” Àǹtí Bísí sọ bákan náà ní ọjọ́ kejì. Àwọn méjèèjì kò purọ́, ọmọ mi. Ohun tí mo fi sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n gbé kalẹ̀.

Ìyókù, ìwọ ló ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n pè ọ́ padà fún ìbéèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì. Fọ́ọ̀mù rẹ ní wọ́n lé ọ, àwọn tó mọ̀ ọ́ ní ìwọ lo fúnra rẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó wá jọ pé o ti bá àwọn àgbà ṣe àdéhùn ohun tí wọ́n máa sọ, o sì gbàgbé láti sọ bákan náà. Wọ́n dá ìwé rẹ dúró. Wọ́n ní kí o lọ máa ka táyà ní sítóò ná. O pè mí, o ní, “Daddy, why would Bàbá Kúnlé say that?”

Mo ní, “Bóyá wọ́n gbàgbé ni.”

Ẹnu tí mo fi ń súre fún ọ ní àràárọ̀ ni mo fi sọ ìyẹn.

Ìyá rẹ wà nílé ìdáná, ó gbọ́ mi. Ó pa iná sítóòfù. Ó rọra ní, “Bàbá Mojí, ẹ̀ẹ̀mejì rèé. Ẹ̀ẹ̀kan fún ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀kan fún ọmọ náà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ yẹn ló ń lọ yìí o. Bí ẹ ò bá lọ sọ ọ́, èmi á lọ sọ ọ́.” Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, bí ó bá pariwo, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì ní àtúnṣe. Bí ó bá rọra sọ̀rọ̀, mo máa ń wá bàtà mi.

Mo rìn lọ sílé Bàbá Kúnlé. Ilé mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n mo dúró lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójú ọ̀nà, mo ń ṣe bí ẹni tó ń wo òdòdó aládùúgbò. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní:

“Ẹ̀yin? Lórí máíkì?”

Mo ní èmi ni.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dá ẹ̀rín náà dúró, ó ní, “Kúnlé tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe ìdánwò dókítà yẹn kó tó yege. Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ gbọ́ lẹ́nu mi?”

Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́.

Ó ní, “Ẹ ẹ̀ rí i.” Ó wọ yàrá lọ mú káàdì tí obìnrin náà fi sílẹ̀ wá fún mi. Jọ̀wọ́, má sọ fún Kúnlé pé mo sọ èyí fún ọ. Ó dáa, mo mọ̀ pé mo tún ti bẹ̀rẹ̀.

Mo pe obìnrin náà, ó sì wá sílé wa ní ọjọ́ kẹrin, ó jókòó sórí àga tìrẹ níbi tábìlì wa. Irun rẹ̀ ti funfun, omi nìkan ló gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí koríko títí dé orí máíkì. Ó bi mí bóyá ìwọ lo rán mi. Mo ní o kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo jẹ́ ẹ̀rí kankan. Ó ní, “Then why did you do it, sir?” Mo wá gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́, n ò rí èyí tó dúró fún ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo ní, “I was ashamed.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun kò lè ṣèlérí ohunkóhun, òun kọ́ ló ń dájọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí òun ń ṣe ìwádìí wọn ni wọ́n ti lé níbi iṣẹ́ rí, ìyẹn nìkan kì í sábà ba tiwọn jẹ́. Ohun tí wọ́n bá fi bò ó mọ́lẹ̀ ló máa ń bà á jẹ́.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dúró lẹ́yìn ìyẹn. Ìgbà tí o wá kí wa tí o ní mo ti rù, mo ní dókítà ló ní kí n dín iyọ̀ kù. Ẹ̀rù ló ń jẹ mí, pé n óò jẹ́ ẹni tó ba ohun tí o fi òtítọ́ kọ́ jẹ́. O wá mọ ìdí tí mo fi sunkún lánàá báyìí. Àyọ̀ ni, ìtura ni, ó sì dà bí ìgbà tí wọ́n yọ òkúta lórí àyà mi. Èmi tí mo ń fi ẹ̀rọ ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́ láti mí, èmi gan-an kò tíì mí dáadáa láti oṣù mẹ́jọ.

Ní báyìí tí mo ti lè mí, jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ bàbá.

Èkíní, má jẹ́ kí àánú tó wà nínú rẹ kú, ṣùgbọ́n ohun tó bá jẹ́ tìrẹ ni kí o máa fi ṣàánú. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá máa pẹ́, fi mọ́tò rẹ lọ gbé e. Bá a tọ́jú ọmọ rẹ̀. Má tún fi ọwọ́ rẹ tẹ nọ́ńbà ẹlòmíì láé, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ tìrẹ. Níbi tí o ń lọ yìí, ọ̀rọ̀ tí o fi ń ṣí kọ̀ǹpútà rẹ dà bí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, a kì í yá ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ mi ló sì wà lára rẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mo ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìlọrin. Ọ̀rẹ́ mi Ràímì ń lọ wo àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní Jẹ́bà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, èmi ni mo ń bá a fọwọ́ sí rẹ́jísítà. Wọ́n mú wa. Wọ́n lé wa. Ìwọ kò gbọ́ ìyẹn rí, ìyá rẹ náà kò gbọ́ ọ àfi lẹ́yìn tí obìnrin olùwádìí náà lọ tán. Mo máa padà sórí rẹ̀.

Èkejì, má fa ìwé ìtìjú ya. Ìwé gbélé-ẹ tí wọ́n fún ọ, èmi fẹ́ sun ún nínú iná tí a fi ń sun ẹran. Ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ó lọ tọ́jú rẹ̀ sínú páálí tí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ wà láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n pè ọ́ padà, tí wọ́n ń béèrè ọjọ́ tí o kúrò àti ìdí rẹ̀ gan-an, ìwé yẹn ló bá ohun tí o kọ mu láìyẹ̀. Gbogbo ìwé tí wọ́n bá fún ọ níbi iṣẹ́, èyí tó dùn àti èyí tó korò, inú páálí kan náà ni kí o máa kó wọn sí.

Ẹ̀kẹta, ìwọ lo kọ́ mi ní tèyí. Lọ́jọ́ tí wọ́n lé ọ, o padà lọ bá ọ̀gá rẹ obìnrin ní ọ́fíìsì, o bẹ̀ ẹ́, o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo ohun tó kọ́ ọ. Nígbà tí mo gbọ́, mo ní, “Ta ní í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lé e?” Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Olùwádìí dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá yẹn, o sì sọ fún wa ohun tó sọ: ó ní lóòótọ́ lòun lé ọ, ṣùgbọ́n òun á tún gbà ọ́ lọ́la. Èmi, nígbà tí wọ́n lé mi ní Ìlọrin, mo bú ọ̀gá mi dé ẹnu géètì. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n wá béèrè mi lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó máa sọ̀rọ̀ mi ní rere? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Mo fẹ́ kọ ọ́ dé ẹ̀kẹwàá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń ro mí. Jẹ́ ká dà wọ́n pọ̀.

Ohun tí o bá rí níbi iṣẹ́ rẹ tuntun, má sọ fún wa. Ìyá rẹ máa béèrè. Èmi náà máa béèrè, màá ṣe bí ẹni pé oúnjẹ ni mò ń béèrè. Má dá wa lóhùn. Ìwọ náà ti rí ohun tí bàbá rẹ ń ṣe bí ó bá rí máíkì. Àbúrò mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní ṣé lóòótọ́ ni pé ìwọ lo ń ṣọ́ bọ́ǹbù Amẹ́ríkà. Mo ní táyà lo ń kà.

Bí nǹkan bá tún ṣẹlẹ̀, torí pé ènìyàn ni ọ́, á tún ṣẹlẹ̀, ẹnu tìrẹ ni kí ọ̀gá rẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Má dúró dìgbà tí wọ́n á bi ọ́. O ní wọn ò tíì ṣíwọ́ lórí rẹ, wọn á tún máa yẹ̀ ọ́ wò bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tèmi kò tilẹ̀ tó ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó bá a ní palọ̀ Bàbá Kúnlé. Ọkùnrin tí o bá sì fẹ́ mú wá sílé, èmi ò ní kí o yára, ìyá rẹ ló ní bẹ́ẹ̀, sọ ọ̀rọ̀ Oak Cliff fún un kí ó tó gbọ́ ọ níbòmíràn. Bí ó bá sá, fi í sílẹ̀ kó máa sá lọ.

Jẹ́ kí n wá parí ọ̀rọ̀ Ìlọrin.

Nígbà tí wọ́n lé mi, mo padà sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sọ fún bàbá mi pé ilé iṣẹ́ náà ń dín òṣìṣẹ́ kù ni, pé ọ̀gá mi tilẹ̀ sunkún nígbà tí mò ń lọ. Bàbá mi, bàbá bàbá rẹ tí o kò rí rí, káfíńtà ni, ó gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Ó ní ọ̀gá tó bá sunkún nítorí ọmọ ẹni, ó yẹ ká lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láìsọ fún mi, ó di iṣu márùn-ún, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin. Ẹnu géètì ni wọ́n ti sọ ohun tí mo ṣe fún un, àti bí mo ṣe bú ọ̀gá náà. Ó ru iṣu rẹ̀ padà wálé. Kò bi mí. Kò bá mi jà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí mo bá wálé, bí mo bá ti kí i tán, á wò mí, á ní, “Àjàní, ṣé kò sí nǹkan?” Èmi á ní, “Kò sí nǹkan, Bàbá.” Ó bi mí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tí mo fẹ́ wá sí Amẹ́ríkà, ó sìn mí dé ibi tí mo ti wọ mọ́tò, ó tún bi mí. Mo ní kò sí nǹkan.

Ẹ̀yìn ìsìnkú rẹ̀ ni ìyá mi tó sọ ọ̀rọ̀ iṣu náà fún mi. Ó ní òun ní kí bàbá mi bi mí tààrà. Bàbá mi ní rárá, òun fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ó dúró dè mí títí ó fi kú. Mojísólá, ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. O ò jẹ́ kí èmi dúró rí, ọjọ́ tí wọ́n lé ọ gan-an lo sọ fún mi, èmi ni mo lọ gé koríko.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Kúnlé ti kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó máa jẹ́ ẹ̀rí, gbogbo ènìyàn ń retí pé kí n wá sọ pé Ọlọ́run ṣe é fún ọmọ mi. Ó sì ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gba máíkì yẹn kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ irọ́ tí mo pa lọ́jọ́ sí, kí n sọ pé wọ́n lé ọmọ mi níbi iṣẹ́, pé ó kọ ọ́ síwèé, ó fọwọ́ sí i, ohun tí bàbá rẹ̀ kò lè ṣe. Mo fẹ́ ẹ gidigidi. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ ni, ọ̀rọ̀ rẹ ni, mo sì ti lò ó nígbà kan láìbi ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mò ń bi ọ́. Bí o bá ní kí n sọ ọ́, màá sọ ọ́. Bí o bá ní kí n jókòó, màá jókòó, n ò sì ní bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọlọ́run tó yọ wá nínú èyí á máa bá ọ lọ, á fi ọ́ sí ojú rere àwọn ọ̀gá rẹ, á sì fún ọ ní oúnjẹ gidi, kí ìyá rẹ lè sinmi.

Nígbà tí o bá ka èyí tán, pè mí. Má kọ́kọ́ sọ pé okay. Bi mí ní ìbéèrè bàbá mi. Sọ pé, “Daddy, ṣé kò sí nǹkan?” Èmi á sì dáhùn lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ mi. Màá ní ó wà.

Èmi ni,
bàbá rẹ, Àjàní.